Nọ́ńbà Ọkọ̀ Tó Kọ̀ Tí Ò Dáhùn

Bísí, o kúkú mọ iṣẹ́ mi: eriali tó ń gbé inú nọ́ńbà ọkọ̀ ni mò ń ṣe. Tí ẹ̀rọ ẹnu géètì bá pè é, ó gbọ́dọ̀ dáhùn, kí géètì lè mọ ọkọ̀ tó dé.

Mo lá àlá lánàá pé èmi àti ọ̀gá mi ń dán ọ̀kan wò. Ẹ̀rọ pè é títí, nọ́ńbà fi eriali bo ẹnu bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ rọ lágbo. Ọ̀gá fajú ro. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ní, "Jọ̀ọ́, dáhùn."

Nọ́ńbà ní, "Màmá mi ní mi ò gbọdọ̀ dá ẹni tí mi ò rí lóhùn."

"Ta wá ni màmá ẹ?"

"Ṣé kì í ṣe ìwọ ni?"

Mo ta jí. Ọkọ mi ń pè mí láti ilé ìdáná.

Mi ò dáhùn o. Kó yọjú ná.