Ṣíbí Lórí Ìdérí Ìkòkò

“Nínú ilé yìí, a kì í tọ́ arákùnrin lójú agbo. Bí o bá ṣì í, èmi fúnra mi ni màá pè ọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, màá gbé ọwọ́ lé ọ léjìká, màá sì sọ ọ́ sí ọ létí. Mo fi ipò mi ṣèlérí.”

Adájọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tí í ṣe Olórí lọ́ọ̀jì àwọn Másónì, ló sọ bẹ́ẹ̀ fún Dókítà Eléyín lọ́jọ́ tó gbé ọ̀rọ̀ irinṣẹ́, àkọ́sórí tí wọ́n ń sọ fún ọmọ ẹgbẹ́ tuntun, lé e lọ́wọ́. Nísinsìnyí, nínú yàrá oúnjẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbọ̀ngàn ètùtù, Adájọ́ kan náà ń fi aṣọ ìnuwọ́ nu omijé ẹ̀rín lójú.

Kọngílá, agbaṣẹ́ṣe kan nínú ẹgbẹ́, ló pa á lẹ́rìn-ín. Ó ti dìde dúró, ó ń sín Dókítà jẹ, ó na ọwọ́ ọ̀tún síwájú, ó la ẹnu sílẹ̀, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ bí ẹni tó ń retí eṣinṣin.

“Ẹ̀gbọ́n mi Dókítà,” ó ní, “ẹ má bínú o. Gbogbo wa la máa ń la ẹnu níwájú yín, tí ẹ ó bá wa tọ́jú ẹ̀. Òní tó wá kan tiyín, ta ni ká ránṣẹ́ pè?”

“Ẹ mú ẹ̀mú wá!” ni ẹnìkan pariwo láti ìdí ògiri. “Ẹ bá wọn fa ọ̀rọ̀ náà yọ!”

Adájọ́ fi òòlù kékeré lu tábìlì. Ọkàn Dókítà balẹ̀ díẹ̀, ó rò pé Adájọ́ fẹ́ dá ẹ̀rín náà dúró ni.

“Arákùnrin,” ni Adájọ́ wí, ohùn rẹ̀ sì kún inú yàrá, “àkọ́sórí la ní kí o kọ́ ọ, a ò ní kí o yadi. Gbogbo ọdún tí mo fi jókòó lórí àga ìdájọ́, mi ò rí ọ̀daràn tó dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀.”

Yàrá bú sẹ́rìn-ín. Dókítà náà rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tó ti ń wo ẹnu ènìyàn. Ó mọ bí a ṣe ń ṣí eyín síta nígbà tí nǹkan ń dun ni.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ju báyìí lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, lọ́ọ̀jì gba ọmọ ẹgbẹ́ tuntun kan, akọ̀wé báńkì. Iṣẹ́ Dókítà ni láti dúró níwájú rẹ̀ lórí ilẹ̀ aláwọ̀ funfun àti dúdú, kí ó fi ọ̀pá ìwọ̀n, òòlù àti irin tí a fi ń gbẹ́ òkúta hàn án, kí ó sì sọ ìtumọ̀ wọn láìwo ìwé. Ó sọ ti ọ̀pá. Ó sọ ti òòlù. Nígbà tó dé ibi tí irin yóò kan òkúta, ó dákẹ́.

Kò gbàgbé. Ó ń dúró ni.

Ìyàwó rẹ̀ ló máa ń bá a kọ́ ọ nílé. Kò yẹ kí obìnrin náà gbọ́ ọ, ó sì gbọ́ gbogbo rẹ̀. Bí ọkọ bá ń rìn lọ rìn bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó bá dé ibi tí ọ̀rọ̀ máa ń há, ìyàwó á fi ṣíbí kan ìdérí ìkòkò lẹ́ẹ̀mejì nínú ilé ìdáná, kò sì ní wẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀ á jáde. “Awo yín yìí,” ló máa ń sọ, “ìkòkò mi ti wọ ọ́ ná.” Ó pẹ́ kí ẹgbẹ́ tó rí ẹni tuntun gbà, kí wọ́n sì tó rí i, ìyàwó ti kú. Ọmọ wọn wà lókè òkun. Bí aláìsàn ìkẹyìn bá ti jáde ní yàrá ìtọ́jú eyín, kò tún sí ẹni tí yóò bá Dókítà sọ̀rọ̀ mọ́, àfi ní ọjọ́ ìpàdé. Ọ̀rọ̀ irinṣẹ́ nìkan sì ni ìdí tí ẹnikẹ́ni fi ń retí rẹ̀ níbẹ̀.

Nínú gbọ̀ngàn ní ìrọ̀lẹ́ náà, ṣíbí yẹn ni Dókítà ń dúró dè. Gẹ́gẹ́ bí òfin ilé náà, Olórí nìkan ló lẹ́tọ̀ọ́ láti fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu. Ṣùgbọ́n Kọngílá sọ ọ́ láti apá òsì, ẹlòmíràn sọ ọ́ láti ẹ̀yìn, ohùn gun orí ohùn. Olórí kò bá ẹnikẹ́ni wí. Ó lu òòlù, ó sì ní kí ètò máa tẹ̀ síwájú. Ọ̀rọ̀ náà kò parí.

Dókítà fi ìdí tábìlì sílẹ̀, ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Akọ̀wé báńkì tẹ̀ lé e.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ibi tí ẹ ti dákẹ́ yẹn, mo rò pé ó wà nínú ètò ni. Ibẹ̀ gan-an ló wọ̀ mí lọ́kàn jù.”

“Ṣé o lè sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn nínú ilé?”

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wo ilẹ̀kùn. “Ẹ̀yin náà mọ̀, sà. Òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.”

Wọ́n pè é. Ó wọlé. Kí ilẹ̀kùn tó padé, Dókítà gbọ́ ẹ̀rín kan tó jẹ́ tuntun láàárín àwọn ti tẹ́lẹ̀.

Ó dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn náà títí Adájọ́ fi jáde.

“Háà, o ò tíì lọ?”

“Mo ń dúró dè yín ni, sà. Ẹ ní ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.”

“Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kẹ̀? Kí ló wà níbẹ̀?”

“Ìtọ́ni tèmi, sà.”

“Ìwọ náà! Ṣebí a ti fi ṣàwàdà nídìí oúnjẹ, ó ti tán. Kọngílá á máa bá wa sọ ọ̀rọ̀ irinṣẹ́ láti ìsinsìnyí lọ. Lọ sinmi. Gbogbo wa la bá ọ kẹ́dùn.” Ọwọ́ rẹ̀ kan di kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ mú, èkejì di fóònù mú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Dókítà dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ irinṣẹ́ látòkè. Ó sọ ti ọ̀pá, ó sọ ti òòlù. Ó dákẹ́. Ilé ìdáná náà dákẹ́.

“Ọwọ́ tó ń gbẹ́ òkúta,” ó wí fúnra rẹ̀, “òkúta náà ń gbẹ́ ẹ.” Ó sọ ọ́ dé òpin.

Ó ká ìbàntẹ́ funfun tó máa ń wọ̀ lọ sí lọ́ọ̀jì pọ̀ mọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó kó wọn sínú ìkòkò ìyàwó rẹ̀ tó ti wọ awo ṣáájú, ó dé e, ó sì lọ síbi iṣẹ́.

Adájọ́ ṣèlérí pé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni òun yóò ti tọ́ ọ. Ìdí tábìlì ló ti tọ́ ọ, lójú gbogbo wọn. Kò gbé ọwọ́ lé e léjìká.