Ilé Bàbá Tó Bọ́ sí Òdìkejì Ààlà

Mi ò sunkún. Ẹ má bi mí ìdí ẹ̀ jàre, gbogbo ayé ló ti bi mí. Ẹkún yẹn ò kàn wá ni.

Ilé mi ní Ìgàndó, níbi tó ti wá gba ìtọ́jú, ni Bàbá kú sí lẹ́yìn ìrun àsùbáà. Ohun kan ṣoṣo ló bẹ̀ mí fún: kí n sin òun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá mi, nínú ọgbà ilé tó fọwọ́ ara ẹ̀ kọ́ ní Abúlé Àjàgbé, létí ààlà. Ó ti pẹ́ tí Nàìjíríà àti orílẹ̀-èdè kejì ti ń fa abúlé náà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Àwọn aṣojú ìjọba á ṣèpàdé, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á lọ. Lọ́dún tó kọjá ni àwọn sójà orílẹ̀-èdè kejì náà ri òpó ààlà mọ́lẹ̀, ilé wa sì bọ́ sọ́dọ̀ wọn.

Wọ́n pín káàdì ọmọ ìlú tiwọn. Gbogbo aládùúgbò gbà á, wọ́n fi kún ti Nàìjíríà tó wà lápò wọn. Bàbá tèmi, olóríkunkun, lé wọn jáde.

"Ọmọ Nàìjíríà ni mí! Ẹ kó pálí yín lọ!"

Mo pàtẹ́wọ́ fún un lórí fóònù. Èmi náà, ọ̀dẹ̀ paraku.

Àwọn àfáà wẹ̀ ẹ́, wọ́n kírun sí i lára, èmi àti Mùíz àbúrò mi sì gbé e sínú mọ́tò. Nígbà tó máa fi di aago mọ́kànlá, a ti dé ibi òpó. Sójà tó dá wa dúró, Yorùbá ni. Yorùbá ẹnu ẹ̀ gan-an jinlẹ̀ ju tèmi lọ.

"Ẹ kú àràfẹ́rakù, mà. Káàdì olóògbé dà?"

Mo fún un ní ti Nàìjíríà. Ó wò ó, ó dá a padà.

"Àjèjì ni wọ́n. Ẹ máa gbàwé àṣẹ láti gbé òkú wọlé lọ́dọ̀ aṣojú ìjọba yín. Ó máa ń tó ọjọ́ mẹ́wàá."

"Àjèjì kẹ̀? Òrùlé tí wọ́n kàn lẹ̀ ń wò lọ́ọ̀ọ́kán yẹn!"

"Mo mọ̀ wọ́n, mà. Ìyá yín ló ń ta àkàrà fún wa nílé kéwú. Àṣẹ ni."

Òkú Mùsùlùmí wo ló ń dúró ọjọ́ mẹ́wàá? A yí mọ́tò padà. Kí oòrùn tó wọ̀, a ti sin Bàbá sí Ìgàndó, láàárín àwọn tí kò mọ̀ rí. Mo délé, mo dáná, mo jẹun.

Lánàá, wọ́n ní ìjọba méjèèjì ti parí ìjà, Abúlé Àjàgbé ti padà di tiwa. Mùíz pè, ó ní ṣé a lè gbé Bàbá lọ báyìí. Mo bi àfáà. Ó ní a kì í wú òkú. Mo ní ó dáa.

Kò pẹ́ ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ààlà pè. Inú ẹ̀ ń dùn ṣìnkìn.

"Ẹ kú oríire, mà! Ẹ sọ fún Bàbá kí wọ́n máa bọ̀ nílé o."

Mo ní màá jíṣẹ́.