Dísìkì Tí Kò Kúrò Nínú Náílọ́ọ̀nù

Ọjọ́ tí ìròyìn ikú ìyá rẹ̀ dé, Àtinúkẹ́ wà níwájú kíláàsì ní Adó, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ọ́ sára pátákó pé, "Ohun tí o kò bá fẹ́ pàdánù, má fi sí ibì kan ṣoṣo," ni fóònù rẹ̀ gbọ̀n nínú báàgì. Olúwarótìmí àbúrò rẹ̀ ló ń pè láti Ìjàn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, Màmá ti sùn."

Àtinúkẹ́ jókòó sórí àga ọmọ ilé-ìwé kan. Kò tíì lè sunkún tí Rótìmí fi fi kún un pé, "Bí ẹ bá ń bọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú dísìkì yẹn dání. Inú rẹ̀ la ó ti yan fọ́tò tí a máa tẹ̀ sára ìwé ìsìnkú."

"Mo gbọ́," ló wí.

Dísìkì náà wà nínú àpótí aṣọ rẹ̀, nínú náílọ́ọ̀nù tí wọ́n fi tà á. Kérésì ọdún méjì sẹ́yìn ni Rótìmí rà á fún un, pé kó kó gbogbo fọ́tò Màmá tó wà lórí fóònù rẹ̀ sínú rẹ̀. Ó wù ú jù ni kò jẹ́ kó lò ó. Bí obìnrin ṣe ń fi àwo tó dára pamọ́ de àlejò, bẹ́ẹ̀ ló fi í pamọ́ de ọjọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ yóò dilẹ̀. Bí Rótìmí bá sì bi í, á ní, "Mo ti kó wọn."

Nígbà tó yá, fóònù Àtinúkẹ́ kú. Fúàdì tó ń tún fóònù ṣe ní àdúgbò Adébáyọ̀ ní, "Mà, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ni mo máa pa rẹ́ kó tó lè jí o. Ṣé ẹ ti kó fọ́tò yín pamọ́ síbòmíràn?" Àwọn èèyàn dúró nínú sọ́ọ̀bù, òbí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kan wà láàrin wọn. Báwo ni tíṣà kọ̀ǹpútà yóò ṣe ní òun kò tíì ṣe é? "Ṣé èmi lò ń bi?" ó ní, ó rẹ́rìn-ín. "Pa á rẹ́ jàre."

Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Ikú ti wà nílẹ̀ báyìí, ẹ̀sín náà sì ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Nínú ọkọ̀ Ìjàn, Àtinúkẹ́ fa náílọ́ọ̀nù náà ya, ó sì ń fi àtàǹpàkò ra dísìkì náà títí ó fi dà bí ohun tí a ti ń lò.

Nílé, Rótìmí ti dísìkì náà bọ inú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó wò ó, ó yọ ọ́, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu, ó tún tì í wọlé.

"Òfìfo ni! Ayédèrú ni ọkùnrin yẹn tà fún mi. Ẹ̀gbọ́n mi ṣe wàhálà kó fọ́tò tán, èmi ni mo ra òkú dísìkì. Èmi ni mo ba fọ́tò màámi jẹ́." Ó fi orí sáàrin ọwọ́ méjèèjì, ó bú sẹ́kún.

"Má dá ara rẹ lẹ́bi," ni Àdùnní, àbúrò Màmá, wí. "Ta ló mọ̀?"

Kí Àtinúkẹ́ ṣáà pa ẹnu mọ́, kò sí ẹni tí yóò mọ̀. Àmọ́ ó na ọwọ́, ó yọ dísìkì náà kúrò lára kọ̀ǹpútà.

"Rótìmí, dísìkì yẹn kò bàjẹ́. Mi ò fi nǹkan kan sínú rẹ̀ rí."

Ó sọ gbogbo rẹ̀, ó sọ ti sọ́ọ̀bù Fúàdì, ó sọ ti náílọ́ọ̀nù tó fà ya nínú ọkọ̀. Ìbá yá kí wọ́n pariwo mọ́ ọn. Wọn kò pariwo.

"Ìwọ tó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà!" ni Àdùnní wí jẹ́jẹ́.

"Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo bi yín?" ni Rótìmí béèrè.

Àtinúkẹ́ kúnlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kì í kúnlẹ̀ fún àbúrò, Rótìmí sì ta gìrì, ó gbá a mú léjìká. "Ẹ dìde, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi." Ó gbé e dìde, ṣùgbọ́n kò wojú rẹ̀ títí wọ́n fi sin Màmá.

Fọ́tò káàdì ìdìbò ni wọ́n fẹ̀ sára ìwé ìsìnkú, èyí tí Màmá ti fajú ro bí ẹni tí oòrùn ń pa. Àwọn ará ìjọ Àládùúrà tí wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ ẹ̀rín nínú aṣọ funfun rẹ̀ ń béèrè pé, "Ṣé kò sí òmíràn ni?"

Àtinúkẹ́ kò jẹ́ kí ẹlòmíràn dáhùn. "Ó wà tẹ́lẹ̀. Èmi ni mo sọ wọ́n nù."

Nígbà tó padà sí Adó, Mọ̀dínátù aránṣọ tó ń gbé òdìkejì ọ̀nà wá kí i kú ará fẹ́ra kù. Bó ṣe ń lọ, ó fa fóònù tí ojú rẹ̀ ti fọ́ yọ. "Tíṣà, fọ́tò Àkíbù ọkọ mi tó kú ló wà nínú ẹ̀. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ráyè, ẹ bá mi wá ibòmíràn fi wọ́n sí."

"Mo ráyè nísinsìnyí."

Àtinúkẹ́ fa àga sún mọ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀ fún un. Ó kó àwọn fọ́tò náà síbẹ̀, ó kó wọn sórí káàdì kékeré kan pẹ̀lú, kò sì tíì yọ wáyà fóònù náà.

"Ẹ wò ó fúnra yín ná, bóyá gbogbo rẹ̀ ló pé."

"Kí ni mo máa fún yín báyìí?"

"Màámi ni kí ẹ bá mi ṣàdúrà fún," ni Àtinúkẹ́ wí, ó sì ṣí fọ́tò àkọ́kọ́.