Ìkúnlẹ̀ Adájọ́ ní Ìgèdè

Ìkúnlẹ̀ kan péré ni. Kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ, òun náà ni kò sì jẹ́ kí oúnjẹ dùn lẹ́nu Adájọ́ Ẹ̀bùnọlá mọ́ láti ọjọ́ mẹ́rìnlélógún sẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Obìnrin yìí ni adájọ́ kóòtù Májísíréètì kan ní Adó-Èkìtì. Kì í gba ẹ̀bùn, kì í jẹun lóde ẹni tí kò mọ̀, bí lọ́yà bá kí i lọ́jà, orí lásán ló máa ń mì. Ẹjọ́ kan wá wà níwájú rẹ̀. Olúgbádé, ọmọ Ìgèdè tó ń ta pákó, fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀ tó ti dolóògbé lọ́wọ́ Fúàdì, télọ̀ kan tó ń ránṣọ lẹ́bàá Ọjà Ọba. Fúàdì ní bàbá náà ṣèlérí fún òun, níṣojú Olúgbádé, pé ọdún mẹ́wàá lòun máa lò níbẹ̀. Olúgbádé ní irọ́ ni. Kò síwèé, kò sẹ́lẹ́rìí mìíràn. Ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni méjì ni, adájọ́ ló máa mú ọ̀kan gbọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ìdájọ́. Sátidé tó ṣáájú rẹ̀, Ọlálérè ọkọ rẹ̀ mú un lọ sí ìpàdé ìdílé ní Ìgèdè. Ó wọlé, kí ló rí? Olúgbádé ló jókòó gẹlẹtẹ sáàárín àwọn ọkọ! Àṣé ọmọ ilé ni, láti ẹ̀ka tí kì í sábà yọjú sípàdé.

"Ìyàwó ria, ìyàwó wa dé o!" ni Olúgbádé ké. "Ṣé o ò ní kí ọkọ rẹ ni?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: ọmọ tí wọ́n bí lánàá, kí ìyàwó tó wọlé lónìí, ọkọ ìyàwó ni. O ṣe adájọ́ o, o ṣe gómìnà o, orúnkún ni. Ẹ̀bùnọlá kúnlẹ̀. Olúgbádé fọwọ́ kàn án lẹ́yìn, ó ṣàdúrà fún un pé ibi gíga ni yóò máa jókòó. Kò mẹ́nu ba ẹjọ́ rárá. Ìyẹn gan-an ló burú, torí kò sóhun tí adájọ́ ì bá fi bínú sí i.

Bó bá ti dé kóòtù lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, tó ní, "Ìdílé ọkọ mi ni olùpẹjọ́ yìí, mo kúnlẹ̀ kí i ní Sátidé, ẹ gbé ẹjọ́ lọ síwájú ẹlòmíràn," ọ̀rọ̀ ì bá ti tán. Òfin ìwà adájọ́ sọ bẹ́ẹ̀, ó sì mọ̀ ọ́n sórí. Àmọ́ ojú tì í. Obìnrin tí gbogbo lọ́yà ń dìde fún, kó wá máa ròyìn fún wọn pé òun kúnlẹ̀ fún oní-pákó! Ó gbé e mì. Ó kà á jáde pé òun gba ọ̀rọ̀ Olúgbádé gbọ́, pé Fúàdì kì í ṣe ẹni tí èèyàn lè gbára lé ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Nígbà tí kò lè pa á mọ́ra mọ́, ó sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀.

"Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá ni wọ́n ń pè ní àgbà òṣìkà," ni Ọlálérè wí. "Ìwọ gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì. Ṣé ẹjọ́ tí o dá tọ́ àbí kò tọ́?"

"Mi ò mọ̀." Omi lé sí i lójú. "Ohun tó ń pa mí nìyẹn, Bàbá Dùnmínínú. Mi ò mọ̀ bóyá ẹlẹ́rìí ni mo gbà gbọ́ àbí ọkọ tí mo kúnlẹ̀ fún."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó kọ gbogbo rẹ̀ sínú lẹ́tà, ó sì pe Ayọ̀rìndé, akọ̀wé kóòtù. Ayọ̀rìndé kà á, ó gbọ́wọ́ lérí.

"Yéè! Màdámú, orúkọ yín wà lára àwọn tí wọ́n fẹ́ gbé lọ sí Kóòtù Gíga. Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ló kù kí àyè àtipe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tán fún Fúàdì. Ẹ jẹ́ kó tán. Ta ló bi yín?"

"Fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí Adájọ́ Àgbà," ni Ẹ̀bùnọlá dáhùn. "Pe àwọn méjèèjì kí wọ́n wá gba tiwọn."

Ó rò pé ọkàn òun máa fúyẹ́. Ọkàn wo?

Lọ́jọ́ kejì, Fúàdì dé. Ẹ̀bùnọlá wà nínú ọ́fíìsì, ìlẹ̀kùn ò pa dé tán. Ó gbọ́ bí Ayọ̀rìndé ṣe ń túmọ̀ lẹ́tà fún un. Fúàdì nawọ́ gba lẹ́tà náà.

"Ṣé ohun tí wọ́n ń sọ ni pé mi ò purọ́?"

"Rárá, ọ̀gá. Wọ́n ní o lè pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, kí adájọ́ mìíràn tún un gbọ́."

"Ẹ fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, mo ti rí ibòmíràn. Ní mọ́ṣáláṣí wa, bí wọ́n bá ń so yìgì, bí wọ́n bá ń pín ogún, èmi ni wọ́n máa ń pè kí n wá ṣẹlẹ́rìí. Látọjọ́ ìdájọ́, ẹnikẹ́ni ò pè mí mọ́. Wọ́n ní kóòtù ti ní ọ̀rọ̀ mi ò ṣeé gbára lé." Ó sún mọ́ tábìlì Ayọ̀rìndé. "Ẹ bá mi bi màdámú. Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan péré: ṣé mo purọ́?"

Ẹ̀bùnọlá ti dìde, ó ti di ìlẹ̀kùn mú. Òfin ò gbà pé kí adájọ́ dá bá ẹlẹ́jọ́ sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, kì í ṣe òfin ló dá a dúró. Bó bá jáde, kí ni yóò sọ?

"Wọn ò lè dá ọ lóhùn," ni Ayọ̀rìndé wí.

"Kò burú." Fúàdì ká lẹ́tà náà, ó fi sápò. "Wọ́n gbìyànjú. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn."

Ìdúpẹ́ yẹn ni adájọ́ ò lè fara dà, ló bá bú sẹ́kún.