Gààrí Ìyá Kàsímù

Ọ̀rọ̀ náà ti sú Yéjídé pátápátá. Ó tún ṣí báàgì rẹ̀, ó tún bá gààrí nínú ẹ̀! Awò tó fi ń wo ẹyẹ lókèèrè wà nílẹ̀, ìbọ̀wọ́ onírun wà lórí àga, gààrí ló jókòó pẹ̀sẹ̀ sáyè wọn.

"Ìyá Kàsímù o!"

Ta ni ì bá tún jẹ́, bí kò ṣe àbúrò bàbá rẹ̀, tí wọ́n pẹ́ ní Abidjan kí wọ́n tó padà sí Ẹ̀jìgbò? Lójú tiwọn, ẹni tó bá rìnrìn àjò láìgbé ẹrù ará ilé dání, ọ̀dájú ni. Mọ́tò Abidjan sì rèé, ẹrù kì í pọ̀ jù fún un. Ṣùgbọ́n ìpẹ̀kun àríwá ayé ni Yéjídé ń lọ lọ́la, níbi tí yìnyín kì í yọ́ tán. Ẹyẹ kékeré kan tó máa ń jùdí létí odò ní Ìsúndúnrìn nígbà ọyẹ́, tí òun fúnra rẹ̀ fi òrùka ìdánimọ̀ sí lẹ́sẹ̀, ló fẹ́ mọ ibi tó ń yé ẹyin sí. Ọkọ̀ òfurufú kékeré tó máa gbé wọn débẹ̀ kò gba ẹrù púpọ̀. Ẹni tí báàgì rẹ̀ bá wúwo jù, ó di ẹni à ń fi sílẹ̀. Ó ti ṣàlàyé títí ẹnu fi ń ro ó.

Ìyá Kàsímù yọjú. "Kí ló dé tí o ń pariwo?"

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ta ló fẹ́ jẹ gààrí lọ́hùn-ún? Èèyàn ò sí níbẹ̀!"

"Ìwọ tí o ń lọ, ewúrẹ́ ni ọ́?"

Yéjídé fẹ́rẹ̀ẹ́ forí gbá ògiri. "Ẹ ṣáà sọ ẹni tó ni ín kí n gbọ́."

Ìyá Kàsímù jókòó, wọ́n ń tún ọ̀rá gààrí náà so. "Ti Kàsímù ni."

Yéjídé wo ọ̀rá náà. Ó ti pẹ́ tí Kàsímù ti gba aṣálẹ̀ wá ọ̀nà òkè òkun lọ, kò sì sẹ́ni tó gbúròó rẹ̀ mọ́.

"Ó ní àríwá lòun ń lọ," Ìyá Kàsímù wí. "Kò sọ ibi tóun máa dúró."

"Mà, ayé fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Mo mọ̀ pé ayé fẹ̀, n ò gọ̀. Ẹyẹ tí ò tó ìkúùkù, ẹ fòrùka sí i lẹ́sẹ̀, ẹ ń wá a lọ sí ìpẹ̀kun ayé kí ẹ lè mọ ibi tó ń sùn. Ọmọ tèmi ńkọ́? Ta ló ń wá a?"

Inú ṣì ń bí Yéjídé, ṣùgbọ́n kò mọ ẹni tó máa bínú sí mọ́. Ó yọ bàtà tó fẹ́ fi ṣe pààrọ̀ kúrò nínú báàgì, ó sì na ọwọ́ gba gààrí náà.