Ọwọ́ Tí Dúróònù Ń Gbọ́ràn Sí

"Tún dín in kù," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí, kò wo ojú rẹ̀. "Ó ṣì ń gbọ́ jù."

Fẹ̀sọ̀ tún kọjú sí kọ̀ǹpútà. Bí gbogbo ayàwòrán àdúgbò ṣe ń pè é nìyẹn, torí kò sí dúróònù tí yóò tún ṣe tí kò ní kìlọ̀ fún ẹni tó ni ín pé kó máa fẹ̀sọ̀ wà á. Láti àárọ̀ ló ti ń dín in kù. Dúróònù ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ̀rọ kékeré tó ń fò ya àwòrán, wà lórí tábìlì, Fẹ̀sọ̀ ti tú gbogbo abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ kúrò kó má baà gé ẹnikẹ́ni níka. Ọ̀pá kékeré méjì tí àtàǹpàkò ń tì ló wà lára rìmóòtù tí wọ́n fi ń darí rẹ̀. Iṣẹ́ Fẹ̀sọ̀ ni láti sọ fún dúróònù bí yóò ṣe máa gbọ́ràn sí wọn. Èyí tó ń gbọ́ jù kò dára, yóò máa ta pọ́n-ún bí ewúrẹ́ tó rí pàṣán. Èyí tó ya adití náà kò dára.

"Bọ̀ọ̀dá, bí mo bá tún dín in kù, ẹ óò ti ọ̀pá títí, kò ní mira."

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo ṣe fẹ́ ẹ."

Ara bẹ̀rẹ̀ sí í fu Fẹ̀sọ̀. Ṣé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí náà ni? Ẹni tó máa ń bi í pé ṣé ìgbín ló tún gbé fún òun, bí dúróònù bá lọ́ra díẹ̀? Lọ́la ni yóò lọ ya àwòrán àwọn ọmọ iléèwé kan. Wọ́n á tò sórí pápá, dúróònù á sì rọra fò kọjá lórí wọn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, níbi ayẹyẹ kan, dúróònù yìí kan náà ṣàdédé já wálẹ̀, ó ku díẹ̀ kí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ha bàbá àgbàlagbà kan lójú. Atẹ́gùn ni wọ́n ní ó fà á. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Fẹ̀sọ̀ ṣí ojú ìwé tó ń fi ìṣesí ọ̀pá hàn lórí kọ̀ǹpútà. Bí ẹnikẹ́ni kò bá fọwọ́ kàn án, ìlà rẹ̀ á sùn gbọọrọ.

"Ẹ kàn gbé àtàǹpàkò lé e. Ẹ má tì í."

Ẹ̀gbọ́n gbé e lé e. Ìlà náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kò dúró, kò sì yí padà, bíi ti ẹni tí ibà ń ṣe. Fèrèsé wà ní títì. Kò sí atẹ́gùn kankan níbẹ̀.

Kò sí ọwọ́ tí kì í mì díẹ̀. Fẹ̀sọ̀ mọ ti ẹni tó ń bẹ̀rù, ó mọ ti ẹni tí kò sùn. Èyí kò jọ ọ́. Ẹnì kan ṣoṣo ló ti rí irú rẹ̀ lára rẹ̀ rí, bàbá wọn, tó jẹ́ awakọ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Bàbá ní àárẹ̀ lásán ni, títí di ọjọ́ tí kò lè de bọ́tìnnì ara rẹ̀ mọ́.

"Bọ̀ọ̀dá," ó rọra sọ ọ́, "ọwọ́ yín ńkọ́?"

"Kí ló ṣe ọwọ́ mi?" Ó ti sáré ti ọwọ́ ọ̀tún bọ àpò. "Rìmóòtù yìí ló ti gbó. Àbí o fẹ́ sọ mí di Bàbá ni?"

Fẹ̀sọ̀ gbójú sókè. Òun kò tíì dárúkọ Bàbá.

"Ìwọ náà gbé àtàǹpàkò lé e," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Bí kò bá gbọ̀n lọ́wọ́ tìrẹ, màá gbà."

Fẹ̀sọ̀ gbàdúrà nínú ọkàn rẹ̀ pé kó gbọ̀n. Bó bá gbọ̀n, a jẹ́ pé rìmóòtù ló bàjẹ́, kí wọ́n ra òmíràn, kí ọ̀rọ̀ tán. Ó gbé àtàǹpàkò lé ọ̀pá. Ìlà náà gbọ̀n.

Ẹ̀gbọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Mi ò wí? O ti fẹ́ fi àìsàn lọ̀ mí. Màá yá ti ọ̀rẹ́ mi lò lọ́la." Ó ń fi ọwọ́ òsì kó ẹrù rẹ̀, ó ń kọrin lábẹ́nu.

Fẹ̀sọ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó mú àtàǹpàkò kúrò, ìlà sùn gbọọrọ. Ó dúró wò ó bóyá yóò dá mì fúnra rẹ̀ bíi ti rìmóòtù tó ti gbó. Kò mì. Ó fi ìgúnpá ti tábìlì, ó mí kanlẹ̀, ó tún gbé e lé e. Ìlà tún gbọ̀n, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, gẹ́lẹ́ bíi ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Tirẹ̀ kàn kéré ni.

Ẹ̀gbọ́n ti dé ẹnu ọ̀nà. Fẹ̀sọ̀ sáré lọ fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn, ohun tí kò dán wò rí lójú ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe iléèwé yẹn. Ẹ ní kí wọ́n wá ayàwòrán mìíràn."

"Torí kí ni? Ṣebí ó gbọ̀n lọ́wọ́ ìwọ náà?"

"Ó gbọ̀n," ni Fẹ̀sọ̀ wí. "Rìmóòtù kò sì ṣe nǹkan kan. Àwa méjèèjì la jọ ń lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́la."

Ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó wo ọwọ́ àbúrò rẹ̀, ó pẹ́ kó tó gbé ojú kúrò. Lẹ́yìn náà ló sọ ẹrù kalẹ̀, tó sì yọ ọwọ́ ọ̀tún jáde nínú àpò.