Àwọn Akàn Wá Gba Yàrá Lọ́wọ́ Mi

Mo lá àlá kan lóru àná, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán kí ẹ tó rẹ́rìn-ín.

Mo ń yan ẹja nídìí ààrò, ni akàn àgbà kan bá kó mọ̀lẹ́bí rẹ̀ wọlé. Ó wé gèlè. Ọmọ ilé ire ni mí, mo kúnlẹ̀, mo bu omi fún un. Ó tọ́ ọ wò, ó ní kò níyọ̀.

Mo ní, "Màmá, ṣé kò sí o?"

"Ilé la wá gbà. Igi ẹ̀gbà tó dúró sínú omi létí abúlé yín, ìdí rẹ̀ là ń gbé. Òun náà ló ń dá òkun dúró fún yín. Ẹ gé e tán, ẹ fi ń yan ẹja. Yàrá tí wọ́n bí mi sí ló ń jó lábẹ́ ẹja yẹn."

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo wo inú ààrò. Lóòótọ́, fèrèsé wà lára igi náà. Ojú tì mí gan-an. Mo yí ẹja náà kó má baà jóná.

Màmá akàn ní, "Tí ẹ ò bá gbin òmíràn kí omi tó kún, àwa la ó máa sùn lórí bẹ́ẹ̀dì yín."

Bẹ́ẹ̀dì tí mo fẹ́ràn! Mo wọnú ọpọ́n ìfọṣọ, mo fi ìgbákọ wà á dé ọ́fíìsì ìjọba, tó léfòó sórí omi, tí fáànù rẹ̀ ń yí.

Ọ̀gá ibẹ̀ ní, "Ẹ má bínú, Ìyá, àga wa ti lọ jẹun ọ̀sán." Ó kó ọmọ igi ẹ̀gbà fún mi, ó sì tẹ̀ lé mi wálé.

Mo gbìn wọ́n sínú ẹrẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má baà fọwọ́ kàn wọ́n, mo ní kí n so ààlè. Ṣùkù àgbàdo làwọn bàbá wa ń so. Èmi rí màrìwò tútù, mo so ó.

Ọ̀gá ní, "Ẹ ṣe dáadáa, mẹ̀ẹ̀." Ó ti di ewúrẹ́, táì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ màrìwò.

"Ọ̀gá, ààlè nìyẹn!"

"Mo mọ̀. Ó dùn."

Ló bá kọjú sí àwọn ọmọ igi. Báwo lèèyàn ṣe ń na ìjọba? Mo ń fi ọwọ́ kan bẹ̀ ẹ́, mo ń fi èkejì fa ìwo rẹ̀. Màmá akàn ló gbá a nímú mú, ni ọ̀gá bá sá lọ, ó ní òun ní ìpàdé.

Igi kan ṣoṣo ló kù. Ó ní, "Ìyá, ẹ dúró tì mí o."

Òkun sì ń bọ̀. Ẹ̀rù bà mí, n ò ní purọ́. Mo ki ẹsẹ̀ bọ ẹrẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn akàn di etí ìró mi mú.

Òkun dúró níwájú mi. Ó ní, "Ìwọ náà ti di igi?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ibẹ̀ ni ọkọ mi ti jí mi. "Ìyá Ẹ̀bùn, dìde, omi ti tún wọlé!"

Mo sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀, omi bò ó dé ọrùn ẹsẹ̀. Ọkọ mi ti ń ki búlọ́ọ̀kù sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ní kí n gòkè kí òtútù má baà mú mi. Mi ò mira.

"Kí lò ń ṣe níbẹ̀?"

Mo ní mò ń dá omi dúró.